Kànga Tí Alhaja Kamorat Gbẹ́ sí Ẹ̀bá Títì

Bí ẹ bá dé ọjà Waterside ní Monrovia tí ẹ ń wá Alhaja Kamorat tó ń ta ike, ẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún yín. Obìnrin náà lóhùn. Ó lè máa bá oníbàárà ná bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé, kó máa bá aláàárù jà níta, kó sì tún máa dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ní kọlu ara wọn. Èmi Yéjídé ni mo ń ta sìlípáàsì ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kan ló là wá láàárín, ó sì ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí a ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Ọmọ Ìwó ni òun, ọmọ Òṣogbo ni èmi. Ó ń lọ mọ́ṣáláṣí, mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, nítorí náà Àǹtí Kamo ni mo ń pè é. Ọjọ́ tí mo bá pè é ní Alhaja, ó ti mọ̀ pé inú ń bí mi nìyẹn.

Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀tá rẹ̀ ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Ìtìjú ló wà nínú ìtàn yìí, ó sì pọ̀ níbẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti gbàgbé rẹ̀, kò gbà.

Lẹ́yìn tí ogun Làìbéríà parí, nígbà tí àwọn sójà Nàìjíríà ṣì pọ̀ nígboro, ni ọkọ rẹ̀, Jubril, mú un wá sí Monrovia. Jubril ń ta páàtì mọ́tò ní Point Four. Àǹtí Kamo ní tirẹ̀ to kọ́ọ̀pù ike méjìlá sórí àwo, ó ń kiri wọn ní Logan Town, kò gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, wọn ò sì gbọ́ tirẹ̀. Ó ní ìka ni òun fi ń ná ọjà lọ́dún àkọ́kọ́. Láti orí kọ́ọ̀pù ló ti bọ́ sórí abọ́, láti orí abọ́ ó bọ́ sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù tó kún dé àjà. Ó bí ọmọ mẹ́ta, ó lọ Mẹ́kà, ó padà.

Ó lawọ́. Ó sì fẹ́ràn kí wọ́n mọ̀ pé òun lawọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Àǹtí Kamo ò lè bu omi fún alágbe kó má wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan ń rí i. Mo máa ń fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́, á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Yéjídé, ẹni tó bá ṣe rere tó gbé e pamọ́, báwo làwọn tó kù ṣe fẹ́ kọ́ ọ?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò ní àléébù, tèmi náà ń bọ̀ níwájú.

Ìyá rẹ̀, Màmá Raheemah, kú ní Ìwó lọ́dún kòrónà, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kankan ò gbéra. Àárọ̀ ni wọ́n pè é pé màmá ti lọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti sin wọ́n. Àǹtí Kamo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó dojú dé ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo rí i tó dákẹ́ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó fi nǹkan ránṣẹ́ sílé fún àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí àkọ́bí ṣe. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Tawheed, tó wà nílé, sọ̀rọ̀ kan fún un lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí, owó lẹ fi ránṣẹ́. Ọwọ́ wa la fi gbé wọn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, kò jáde mọ́. Ọdún kìíní kọjá, ó ń sọ ọ́. Ọdún kejì kọjá, ó ṣì ń sọ ọ́. Nígbà tí ọdún kẹta ń bọ̀ ló sọ fún mi pé òun máa gbẹ́ kànga sàárà fún màmá, irú èyí tí àwọn Mùsùlùmí máa ń gbẹ́ lórúkọ òkú wọn, tó jẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá ṣì ń mu omi rẹ̀, ẹ̀san ń dé bá ẹni tó kú. Ó ní ọjọ́ tí ọdún kẹta bá pé gan-an lòun máa ṣí i, Tawheed àti gbogbo ẹbí á sì máa wò ó lórí fóònù láti Ìwó. Mo ní ohun tó dáa ni. Ohun tó dáa sì ni.

Mambu Town ló fẹ́ gbẹ́ ẹ sí. Abúlé kékeré kan ni, lójú ọ̀nà Bomi, bíi wákàtí kan àtààbọ̀ sí Monrovia bí ọ̀nà bá dáa. Oníbàárà wa kan tó ń jẹ́ Hawa ló mú wa mọ ibẹ̀. Hawa máa ń kó ẹ̀gẹ́ wá sí Waterside, á fi èrè rẹ̀ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, á ra bàtà lọ́wọ́ mi fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Jebbeh, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn lójoojúmọ́. Omi ìsun kan báyìí ni gbogbo abúlé ń mu, nínú igbó lókè. Omi náà mọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin á sì tò síbẹ̀ láti ìdájí.

Ẹnì kan wà tó ń ṣọ́ omi náà fún wọn. Varney lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ilẹ̀ àti omi ìgbèríko rán sí abúlé mẹ́fà lágbègbè yẹn pẹ̀lú alùpùpù kan. Òun ló kọ́ wọn pé kí wọ́n má gé igi tó yí ìsun ká, kí wọ́n má sun igbó níbẹ̀, kí wọ́n má sì gbẹ́ ṣáláńgá sí òkè omi. Lọ́jọ́ Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, ilé kọ̀ọ̀kan á yọ ẹnì kan, wọ́n á lọ ro ẹ̀bá ìsun. Wọ́n ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu, torí kì í pariwo, òun náà sì máa ń mú àdá tirẹ̀ wá.

Nígbà tí a débẹ̀ lóṣù kejì láti wo ilẹ̀, Varney mú wa lọ sí òkè, lẹ́yìn oko rọ́bà. Ó ní ibẹ̀ ni kànga yẹ kó wà: ilẹ̀ ibẹ̀ le, kò sí ilé lókè rẹ̀, kò sí ṣáláńgá. Àǹtí Kamo wo igbó náà, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní òun ti mú ibi tòun. Ó mú wa sọ̀ kalẹ̀ wá sí iwájú mọ́ṣáláṣí, ní ẹ̀bá títì gan-an, níbi tí gbogbo mọ́tò tó ń lọ Tubmanburg ti máa ń dẹ ẹsẹ̀ nítorí kòtò. Ó ti ní kí wọ́n kun pátákó kan sílẹ̀ ní Monrovia, aláwọ̀ ewé, orúkọ màmá wà lórí rẹ̀ gàdàgbà.

Varney ò jiyàn. Ó rìn lọ sí ṣáláńgá mọ́ṣáláṣí, ó yí padà, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ̀. Ẹsẹ̀ méjìlélógún. Ó ní ó yẹ kó ju ọgọ́ta lọ, kó sì jẹ́ pé kànga ló wà lókè. Nígbà tó rí i pé Àǹtí Kamo ò gbọ́, ó tọrọ abọ́ ike kan tó mọ́ gaara nínú èyí tí a kó wá fún wọn lẹ́bùn. Ó da iyanrìn kún un, ó fi ìka gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bu búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wá ń da omi lé búlúù náà díẹ̀díẹ̀. A bẹ̀rẹ̀, à ń wò ó. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun nínú ihò náà, ó sì jẹ́ búlúù.

Varney ní, "Ol' Ma, you see? Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó ń rìn. Iyanrìn ni ilẹ̀ yìí, kò lè dá nǹkan kan dúró. Ohun tó bá wà ní ṣáláńgá, ìgbà òjò á gbé e wá sínú kànga yín. I can't agree to this place."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Èmi náà gbọ́ ọ, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì rí búlúù náà pẹ̀lú ojú mi méjèèjì.

Àǹtí Kamo fi Yorùbá sọ fún mi pé, "Yéjídé, ṣé inú igbó ni kí n gbé orúkọ ìyá mi lọ? Ta ni yóò rí i níbẹ̀, ọ̀bọ?" Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run foríjì mí, mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé agbẹ́kànga ti sọ pé ilẹ̀ òkè le, ó máa gba òun ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ àyájọ́ màmá á sì ti kọjá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé iṣẹ́ Varney ránṣẹ́ pè é lọ sí Gbarnga fún ẹ̀kọ́ tó máa gba oṣù méjì ó lé díẹ̀. Àǹtí Kamo gbọ́, ó ní ká lọ rí àwọn àgbà abúlé. Abẹ́ abà tí wọ́n ti ń ṣèpàdé la jókòó sí: Olóyè Momolu tó jẹ́ baálẹ̀ wọn, ìmáàmù, àti àwọn àgbà bíi mẹ́wàá, Hawa náà wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin. Wọ́n yìn wá, wọ́n ṣàdúrà fún wa. Olóyè Momolu wá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó ní, "Varney ńkọ́? Ṣé ó ti fọwọ́ sí ibi tí ẹ fẹ́ gbẹ́ ẹ sí?"

Àǹtí Kamo ò tiẹ̀ sinmi kó tó dáhùn. Ó ní, "Yes, Papay. He agree."

Mo wo ojú rẹ̀. Kò wò mí. Olóyè mi orí, ó ní bí Varney bá ti gbà, kò sí wàhálà, nítorí ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń tún okùn bàtà mi ṣe, okùn tí kò tú. Mo ń sọ nínú ara mi pé kì í ṣe kànga mi, kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe ẹ̀sìn mi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń wo orí ọmọ bó ṣe ń wọ́.

Nínú mọ́tò ni mo tó lanu. Mo ní, "Alhaja, irọ́ lẹ pa yẹn o."

Ó ní, "Bó bá dé, mo máa bá a sọ ọ́. Ọmọdé ni, á gbà. Ṣé kí n jẹ́ kí ọjọ́ màmá kọjá torí búlúù?"

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀." Ọ̀rọ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu mi.

Wọ́n gbẹ́ kànga náà, wọ́n ri pọ́ǹpù mọ́ ọn, wọ́n sì gbé pátákó dúró. Lọ́jọ́ tí ọdún kẹta pé, lóṣù karùn-ún, mọ́tò mẹ́jọ ló gbéra láti Monrovia. Ìmáàmù ṣàdúà, àwọn ọmọdé ń jà sí pọ́ǹpù, Àǹtí Kamo fúnra rẹ̀ fa omi àkọ́kọ́, èmi ni mo di fóònù mú. Tawheed wà lójú fóònù láti Ìwó. Ó ń sunkún. Ó ní, "Àǹtí, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin náà ti gbé wọn." Bí mo bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù, mi ò lè gbàgbé ojú Àǹtí Kamo nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Olómi ní Waterside, á sì dáhùn kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Varney ti Gbarnga dé, ó bá àwọn èèyàn nídìí pọ́ǹpù. Ó lọ bá Olóyè pé ibẹ̀ kò dáa. Olóyè ní, "Ṣebí ìwọ lo fọwọ́ sí i?" Ó ní òun ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní ó ń wá ohun tí wọ́n máa fi dí i lẹ́nu ni. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa se omi náà kí wọ́n tó mu ún. Ta ló fẹ́ máa fi igi dáná sí omi tó mọ́ lójú? Ó pe Àǹtí Kamo lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbé e.

Òjò oṣù keje ẹ mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi rọ̀ láì dáwọ́ dúró. Àìsàn bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ọmọdé, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, ilé kan tẹ̀ lé èkejì. Ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n gbé lọ sí ọsibítù. Jebbeh ọmọ Hawa ló le jù lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì, nígbà tó sì dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gùn tẹ́lẹ̀ ti dà bí igi ìgbálẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tó kú. Varney fi ṣéènì de pọ́ǹpù. Àwọn tó wá láti ilé iṣẹ́ rẹ̀ bu omi náà lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní ìdọ̀tí ṣáláńgá ló wà nínú rẹ̀.

Wọ́n bi àwọn àgbà pé ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ kànga síbẹ̀. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Varney ló gbà, kò sí ẹni tó rántí sọ pé ẹnu Àǹtí Kamo ni àwọn ti gbọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ gba alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé títí ìpàdé máa fi wáyé lábúlé ní òpin oṣù kẹjọ. Bí àwọn àgbà bá tún sọ ohun kan náà níbẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ ní gbogbo abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ìmáàmù pe Àǹtí Kamo láti sọ gbogbo èyí fún un. Àǹtí Kamo fi fóònù náà sí ohùn gbangba kí èmi náà lè gbọ́. Ìmáàmù ní, "Màmá, ẹ má ba ọkàn jẹ́. Ẹ̀yin ṣe tiyín. Ọmọ yẹn ló kó bá wa." Ó sì ṣàdúà fún Màmá Raheemah. Àǹtí Kamo ń sọ pé àmín, àmín, ohùn rẹ̀ ń kéré sí i. Ó pa fóònù náà, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, ó jókòó sẹ́yìn àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí a kò ti lè rí i láti ìta.

Láti ìgbà náà ni ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Oníbàárà á dá iye lé ọjà, Àǹtí Kamo á gbà fún un láì ná an. Bí wọ́n bá kígbe "Ìyá Olómi!" láti òdìkejì, á tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n sọ òkò sí. Ó pa àsàlátù ọjọ́ Sunday tì, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Jubril bi mí bóyá àwa méjèèjì jà ni. Mo ní rárá. Ojú ń ti èmi náà láti wo ojú Jubril.

Ọjọ́ Tuesday kan ni Varney wọlé wá sí Waterside. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ibi tí kẹ̀kẹ́ já a sí, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ti bo sòkòtò rẹ̀ dé orúnkún. Mo rò pé ìjà ló bá wá. Mo tiẹ̀ dìde láti gbèjà ẹni tí kò yẹ kí n gbèjà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó kí wa.

"Ol' Ma, how de body?"

Àǹtí Kamo ní ara le, a dúpẹ́.

Ó wá ń yí fìlà náà lọ́wọ́. Ó ní, "Mo ń wá inú orí mi kiri láti ọjọ́ yìí wá. Gbogbo àgbà ló sọ pé mo gbà. Àgbà mẹ́wàá ò lè parọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní bóyá ara mi ò yá lọ́jọ́ náà, bóyá mo ti sọ ọ́ tí mo gbàgbé. Ìyàwó mi náà ti ń bi mí. Ẹ̀yin wà níbẹ̀. Mo ní kí n wá bi yín. Ol' Ma, did I say yes?"

Ká ní ó bú u ni. Ká ní ó gbé àga lù ú, ì bá sàn díẹ̀. Ó dúró síwájú wa pẹ̀lú ojú tó mọ́, ó ń bẹ ẹni tó parọ́ mọ́ ọn pé kó ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tó jẹ́ òtítọ́. Àǹtí Kamo ní, "My son, ọjà pọ̀ lọ́wọ́ mi. Come back Friday." Kò sí oníbàárà kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Varney wo inú ṣọ́ọ̀bù, ó wo èmi. Mo mú sìlípáàsì kan, mo ń gbọn eruku rẹ̀. Ó ní, "Thank you, Ma," ó wọ fìlà rẹ̀, ó lọ.

Bó ṣe lọ tán, Àǹtí Kamo bú sẹ́kún. Ó ní, "Yéjídé, mo ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di wèrè. Mo fi orúkọ ìyá mi sọ ọmọ ọlọ́mọ di wèrè. Bí wọ́n bá ní kí n wá fẹnu ara mi sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn yẹn, àwọn tó ń ṣàdúà fún mi, níwájú Hawa, báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró? Tawheed á gbọ́."

Ẹ wá gbọ́ ìmọ̀ràn tí èmi Yéjídé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, fún un. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Ọ̀dọ́ ni Varney, á rí iṣẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá sọ ọ́, ṣé ó máa yọ àìsàn kúrò lára ọmọ tó ti ṣe é?" Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó láàánú. Mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá tú aṣọ rẹ̀, tèmi náà á tú.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọ̀run ló ti máa bá tèmi, níwájú màmá mi." Ó ní òun máa lọ sí ìpàdé náà. Mo ní kò burú, mo máa sìn ín. Mo sọ fún gbogbo ẹni tó bi mí pé mò ń lọ dúró ti Àǹtí mi.

Abẹ́ abà yẹn náà la tún jókòó sí. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli. Àwọn méjì láti ilé iṣẹ́ Varney jókòó sídìí tábìlì, ìwé wà níwájú wọn. Varney jókòó lọ́tọ̀, lórí àpótí. Hawa wà níwájú lónìí, Jebbeh sùn lé e lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí Àǹtí Kamo, àwọn àgbà dìde fún un. Ìmáàmù fúnra rẹ̀ ló gbé àga tó dáa jù wá. Mo rí i bí ó ṣe wo àga náà. Kò jókòó.

Kò dúró kí wọ́n ṣí ìpàdé. Ó ní, "Varney ain't agree. Da me lie on him." Ariwo òjò wà lórí koríko abà, bóyá wọn ò gbọ́ dáadáa, nítorí náà ó tún gbé ohùn sókè, ohùn rẹ̀ ti àtijọ́. Ó sọ bí Varney ṣe ka ẹsẹ̀. Ó sọ ti búlúù. Ó ní Varney sọ ọ́ kedere pé òun kò gbà, pé òun Kamorat ló fẹ́ ẹ̀bá títì kí èèyàn lè rí orúkọ ìyá òun, pé òun ò fẹ́ kí ọjọ́ kọjá, ìyẹn lòun ṣe dúró síbí yìí tòun parọ́ fún àwọn àgbà. Ó yí padà sí Varney, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Alhaja tó ti lọ Mẹ́kà. Èdè wọn ló ti ń sọ bọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu níbẹ̀: "Ọmọ mi, foríjì mí. Ìwọ ò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe orí rẹ." Varney ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó fi fìlà rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá láti ilé iṣẹ́ ń kọ̀wé. Olóyè Momolu ní kí Àǹtí Kamo dìde. Ó ní ohun tó ṣe fún àwọn burú, òun ò sì ní sọ pé kò burú. Ó ní kó dá orúkọ ọmọ náà padà fún un ní abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kó tẹ̀ lé e láti ọ̀kan dé èkejì, kó sọ ohun tó sọ níbí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa tó bá a sọ̀rọ̀ kànga mìíràn, ibi tí Varney bá sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n máa gbẹ́. Àǹtí Kamo ní òun gbà. Obìnrin àgbà kan lẹ́yìn ní, "She try. It hard to say." Mo rí i pé ojú wọn ti ń rọ̀ díẹ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀. Mo na ọwọ́, mo di Àǹtí Kamo lápá mú kó lè jókòó, bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe, gbogbo wọn sì ń wò wá.

Bóyá ọwọ́ yẹn ló mú Hawa rántí. Kò pariwo, torí ọmọ ń sùn. Ó ní, "Sister Yéjídé."

Mo ní, "Hawa."

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí Alhaja sọ fún wa pé Varney gbà, ìwọ lo jókòó tì í. Lọ́jọ́ ti búlúù ńkọ́, ṣé o wà níbẹ̀?"

Àǹtí Kamo fẹ́ dáhùn fún mi. Ó ti ń sọ pé òun nìkan lòun jẹ̀bi, pé kí wọ́n má bi mí. Hawa ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo abà yí ojú padà sí mi, àwọn àgbà, ìmáàmù, Varney náà ti sọ fìlà kalẹ̀. Mo wá ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, kò sí bàtà tí mo fẹ́ tún okùn rẹ̀ ṣe, kò sí eruku tí mo fẹ́ gbọ̀n.

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀."

Hawa gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká, ó dìde níwájú mi, ó lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì tó wà lódìkejì. Kò sí ẹni tó sọ pé mo gbìyànjú. Àǹtí Kamo ti sọ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Èmi, wọ́n bi mí kí n tó sọ.